A Kì í Ṣí Ìgò Nítorí Ọmọ Kan

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Alága kú, lẹ́yìn ìyá rẹ̀ tó pọ̀n ọ́n, lórí alùpùpù, nígbà tí wọ́n ti ń wo géètì ọsibítù ńlá lọ́ọ̀ọ́kán. Ìgbẹ́ gbuuru ló pa á. Kì í ṣe ìbọn, kì í ṣe iná, kì í ṣe àrùn kan tí àwọn dókítà ò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru lásánlàsàn, tí omi tó mọ́, ọṣẹ ìfọwọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ àti oògùn àjẹsára tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu lè lé jìnnà. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ ni.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ọ̀gá ètò ìlera ní káńsù wa bọ́ sórí rédíò. "Láti ìgbà tí ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀," ó ní, "ìgbẹ́ gbuuru ò pa ọmọ kan ṣoṣo ládùúgbò wa. Iṣẹ́ là ń ṣe, kì í ṣe àfẹnusọ." Olóòtú ètò náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé orin sí i. Ṣọ́ọ̀bù ìyá Alága ni mo wà nígbà yẹn. Aránṣọ ni obìnrin náà, ilé kan náà la jọ ń gbé, òun nísàlẹ̀, èmi lókè. Rédíò rẹ̀ wà lójú fèrèsé. Ó ń tú okùn lára aṣọ oníbàárà kan, kò gbójú sókè, kò dá ọwọ́ dúró. Ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ló dìde, tó pa rédíò náà, tó wá dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Ta la wá gbé sin?" ni màmá àgbà ń bi wá. "Ẹ̀yin èèyàn, ta la gbé sin?"

Mi ò lè jókòó mọ́. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó di ọ́fíìsì ọ̀gá. Èmi àgbàlagbà tí ilé ń pè ní Bàbá Oníwèé-Ìròyìn, torí pé ojú ewé yìí ni mo fi ń jẹun, mo dúró níwájú tábìlì ọkùnrin tí àbúrò mi àbíkẹ́yìn dàgbà jù. Mo ní, "Ọ̀gá, ọmọ kan kú ládùúgbò wa lọ́jọ́ Ajé." Ó na ọwọ́ sí àga pé kí n jókòó. Mi ò jókòó.

"Bàbá, ẹ má bínú," ó ní. "A gbọ́. Ó dùn wá. Àmọ́ ọmọ yẹn ò kú sọ́wọ́ wa. Ojú títì ló kú sí. A kì í ka ẹni tó bá kú sójú títì mọ́ tiwa."

"Ta ló ń kà á?"

Ó gbé ike omi sẹ́nu. "Bóyá àwọn tó ń rí sí ìrìnnà ọkọ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Bó ṣe wí nìyẹn, pẹ̀lú ẹnu tó fi ń mu omi tútù inú ike. Àwọn àgbà ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù. Alága kú, káńsù tún wá sọ ọ́ nù. Ẹ wá sọ fún mi, kí ló tún kù tí wọ́n lè fi ọmọ náà ṣe?

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí èmi kà á.

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un yàtọ̀. Ará ilé ló sọ ọ́ ní Alága. Ṣé ẹ mọ tábìlì gígùn tí àwọn aránṣọ fi ń gé aṣọ? Orí tábìlì yẹn, nídìí ògiri, ni ìyá rẹ̀ máa ń kó àjákù aṣọ jọ sí, á fi ṣe odi yí i ká, á gbé e jókòó sáàárín. Ọmọ náà á gbé ikùn síwájú, á fi ọwọ́ kan lé e, á máa wo ẹni tó bá wọlé láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bi í pé, kí lẹ bá wá? Oníbàárà á ní, "Alága, ẹ kú ìjókòó o!" Ọmọ á dáhùn lédè tirẹ̀, á da itọ́ sáyà, ìpàdé bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ mọ̀ wọ́n náà, àwọn aránṣọ. Ìyá Alága mọṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tó bá ní kẹ́ ẹ wá gbaṣọ lọ́la, ẹ rọra máa lọ sùn. "Ó ku bọ́tìnnì," ló máa ń wí. Sòkòtò mi kan wà tó ku bọ́tìnnì títí ó fi sú mi, bẹ́ẹ̀ sòkòtò ọ̀hún, okùn ló ń lò, kò ní bọ́tìnnì kankan. Ẹni tó bá gbé ìbínú wá síbẹ̀, Alága ló ń bá a parí ẹ̀. Á kàn na ọwọ́ méjèèjì sí onítọ̀hún pé kó gbé òun. Ojú mi ni obìnrin kan ṣe wọlé, tó ń pariwo pé aṣọ tí òun fẹ́ wọ lọ síbi iṣẹ́ tuntun ni wọ́n bà jẹ́ fún òun. Kó tó jáde, ó ti gbé ọmọ sẹ́yìn, ó ń jó yí máṣínnì ká, ó ti gbàgbé aṣọ.

Bàbá rẹ̀ ń wa tírélà lọ sọ́nà jíjìn. Tó bá ti fẹ́ forí lé ilé, á pe fóònù, á ní kí wọ́n gbé e sí Alága létí. "Alága, ṣé kí n máa bọ̀?" Ọmọ á han gooro. Bàbá á ní, "Ó parí. Wọ́n ti fọwọ́ sí i." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé a ò gbọ́ ọ rí.

Ọmọ tí kò sí nínú ìṣirò káńsù nìyẹn.

Ìyá tó ń parọ́ bọ́tìnnì yìí, kò fi ọjọ́ àjẹsára ọmọ rẹ̀ ṣeré. Ọjọ́rú ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ nílé ìlera wa. Oògùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu láti ìgbà tó bá ti lé lóṣù kan, tó ń dènà oríṣi ìgbẹ́ gbuuru tó le jù fún ọmọdé. Kò ní abẹ́rẹ́, kò dun ọmọ. Ìyá Alága wẹ ọmọ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ láṣọ, òjò ń rọ̀, ó bo orí ọmọ, ó gba ojú ẹrẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì yọjú sí àwọn ìyá díẹ̀ tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó kà wọ́n. "Ẹ ò pọ̀ tó," ó ní. "Ọmọ mẹ́wàá ni ìgò yìí wà fún. Tí mo bá ṣí i tán, tí ìyókù bà jẹ́, ọrùn mi ni wọ́n máa fà á sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ kó àwọn ẹlẹgbẹ́ yín dání."

"Nọ́ọ̀sì, èmi ti dé ná," ìyá Alága wí. "Ọmọ mi rèé. Ẹ kán tiẹ̀ sí i lẹ́nu."

"Mo rí i, ìyá. Ọmọ yín mà dáa o. Àmọ́ a kì í ṣí ìgò nítorí ọmọ kan. Àṣẹ ni."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọn ò tún pé. Ẹ wá wo ohun tí obìnrin yìí ṣe. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó ń kanlẹ̀kùn kiri àdúgbò, ó ń wá ọmọ ọlọ́mọ. "Ẹ kúulé o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ tuntun wà nílé yìí?" Àwọn kan rò pé oníwàásù ni, wọ́n ní àwọn ti gbàgbọ́. Ìyá kan bi í bóyá ó fẹ́ jí ọmọ òun gbé ni. Ó bẹ onídìrí tó wà lójú ọ̀nà títí, ó ní òun á rán aṣọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, pé kó ṣáà gbé ọmọ rẹ̀ wá. Onídìrí ní, "Ṣé èyí tó máa ku bọ́tìnnì yẹn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Bí agbèrò ṣe ń wá èrò kún ọkọ̀ ni ìyá Alága ṣe ń wá ọmọ kún ìgò. Kí ni gbogbo èyí? Ṣé àrùn máa ń dúró kí ọmọ pé mẹ́wàá kó tó mú ọ̀kan? Ta ló wá ní kí oògùn dúró?

Ó kó wọn jọ ṣá. Ọjọ́rú kan, wọ́n tò lọ sílé ìlera, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ láyà, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà. Wọ́n pé. Wọ́n tiẹ̀ lé. Nọ́ọ̀sì ṣí fíríìjì, ó mú ìgò jáde, ó wo àmì tó wà lára rẹ̀ tó máa ń yí àwọ̀ padà bí ooru bá ti mú un, ó sì dá a padà síbẹ̀. Iná ti lọ, epo jẹnẹrétọ̀ ti tán, wọ́n pe káńsù títí, káńsù ò dá wọn lóhùn. Oògùn náà ti bà jẹ́.

Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kó yé wa dáadáa. Ìgò tí wọn ò jẹ́ ṣí kó má bàa ṣòfò, inú fíríìjì ló ti ṣòfò, tòun ti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, láìkan ètè ọmọ kankan. Kò sì sẹ́ni tí wọ́n bi léèrè. Bí nọ́ọ̀sì bá ṣí i fún ọmọ mẹ́ta, òfò lorúkọ ìyẹn, wọ́n á fìyà jẹ ẹ́. Bó bá bà jẹ́ láìṣí, àìsíná lorúkọ tiẹ̀, kò sẹ́lẹ́bi. Irú ọgbọ́n wo lèyí? Ilé ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ?

Nígbà tí oògùn mìíràn fi máa dé, ìyá Alága tún gbé ọmọ lọ. Wọ́n wo ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n ní ó ti dàgbà jù láti bẹ̀rẹ̀. Alága, tí kò tíì ní eyín kan lẹ́nu, dàgbà jù. Mo bi dókítà kan tí mo mọ̀ léèrè. Ó ní bó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló jókòó síbẹ̀, kí wọ́n ṣí ìgò. Ó ní ṣe ni wọ́n máa ń ṣírò òfò díẹ̀ mọ́ iye ìgò tí wọ́n ń béèrè, torí ọmọ ni kò gbọ́dọ̀ ṣòfò. Mo ní, "Àṣẹ ta wá ni nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé?" Ó ní, "Ẹ lọ bi ẹni tó pa á, Bàábá."

Oògùn nìkan kọ́ ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà kan náà sọ fún mi pé àjẹsára ò lè dá gbogbo ìgbẹ́ gbuuru dúró, pé omi, ọṣẹ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní iṣẹ́ tiwọn. Ẹ wá wo tiwa o. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbà mẹkáníìkì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà tí káńsù kọ́ fún ará àdúgbò. Ó rẹwà, n ò ní parọ́. Táìsì wà lára ògiri, ibi ìfọwọ́ wà níta, àwòrán ọwọ́ tí ọṣẹ ń hó lórí rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n gé rìbọ́nnì, àwọn ọmọ ilé ìwé kọrin "fọ ọwọ́ rẹ". Bí wọ́n ṣe ya fọ́tò tán, wọ́n gbé agádágodo kọ́ ọ. Wọ́n ní kó má bàa dọ̀tí. Kọ́kọ́rọ́ wà ní káńsù. Bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, wọ́n á wá ṣí i, wọ́n á gbá a, wọ́n á tún tì í. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ jù lọ láyé nìyẹn, torí kò sẹ́ni tó tíì ṣu síbẹ̀ rí.

Àwa ńkọ́? Ṣáláńgá ilé wa ti kún, lánlọ́ọ̀dù ń wò wá níran. Àwọn ọmọ àdúgbò ń yàgbẹ́ sẹ́yìn ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n tì pa yẹn gan-an. Òjò á rọ̀, á wọ́ ọ sínú gọ́tà. Páìpù omi wa, inú gọ́tà ló gbà kọjá, ó sì ti sán. A ti sọ, a ti bẹ̀bẹ̀, a ti pariwo. Bí omi bá lọ tó tún dé, ó máa ń kọ́kọ́ yọ dúdú, òórùn rẹ̀ á gba ilé kan. Ìyá Alága ń se omi ọmọ rẹ̀, mo lè jẹ́rìí sí i níbikíbi, torí èéfín sítóòfù rẹ̀ ń bá mi lókè láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń rákò, kò sóhun tó rí nílẹ̀ tí kì í gbé sẹ́nu. Ṣé ó fẹ́ se ilẹ̀ náà ni?

Nígbà tí ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, màmá àgbà ní eyín ni. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí, kò sílé tí wọn ò ti ń sọ ọ́. Ọmọ bá ń yàgbẹ́, eyín ló ń yọ. Ara rẹ̀ bá gbóná, eyín ni. Ó bá ń bì, eyín náà ni. Oníkẹ́mísí ta oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró fún wọn, ó ní kí wọ́n dín omi ọmọ kù, pé omi tó ń wọlé ló ń jáde. Irọ́ gbuu! Omi ni ara ọmọ ń pàdánù, omi ló yẹ kó máa gbà, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n pò bó ṣe yẹ, kí ọmú má sì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n mi ò bú màmá àgbà. Ta ló kọ́ ọ? Káńsù ní ẹ̀ka tó ń la èèyàn lọ́yẹ̀ nípa ìlera, ẹ̀ka náà ní ọ̀gá, ó ní mọ́tò tí wọ́n kọ "Ìlera Lọrọ̀" sí lára. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí mọ́tò ọ̀hún, níwájú ilé ìwé tí àwọn ọmọ ọ̀gá ń lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìyá Alága sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, ọmọ yìí ò wò mí mọ́." Ojú ọmọ ti jìn wọnú. Ó ń sunkún, omijé ò jáde. Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìlera, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, torí àìsàn ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ìlera kì í ṣe é. Aṣọ́gbà ní nọ́ọ̀sì á dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n má wulẹ̀ wàhálà lọ sọ́nà jíjìn. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣàánú wọn, tó po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún wọn. Wọ́n ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu. Èyí tó gbé mì kéré sí èyí tó ń bì.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi máa dé lọ́jọ́ Ajé tó rí ọmọ náà, ó figbe ta. Omi tí wọ́n ń fà sára aláìsàn ti tán nílé ìlera, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ò ní táyà. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré bọ́ sójú títì, tó dá alùpùpù dúró. "Ẹ máa lọ, ẹ má yà síbì kankan!"

Ìyá Alága ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní ọmọ náà máa ń di aṣọ òun mú léjìká bó bá wà lẹ́yìn òun. Ó ní òun mọ̀ nígbà tí ọwọ́ náà tú. "Mi ò sọ fún ẹni tó gbé wa," ó ní. "Mo rò pé tí mi ò bá sọ ọ́, bóyá kò tíì ṣẹlẹ̀." Ẹni náà ń fọn fèrè, ó ń sáré, ó ń bẹ àwọn ọlọ́kọ̀ kí wọ́n yà fún òun, kò mọ̀ pé kò sí ohun tí òun ń lé mọ́.

Bàbá rẹ̀ pe fóònù lọ́jọ́ yẹn láti ojú ọ̀nà. Ó ń dún lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e. Nígbà tó yá, èmi ni wọ́n nà án sí. Mo ní, "Àbúrò, máa bọ̀ nílé." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé Alága ti fọwọ́ sí i?" Mo pa fóònù náà. Mo jẹ́ ọmọ ọkùnrin, ọjọ́ orí mi ti lọ, mo jókòó sórí àjákù aṣọ, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà.

Àwọn tó wá kí wọn ní àìsàn la lè wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọlọ́jọ́ wo? Ṣé ọlọ́jọ́ ló gbé agádágodo kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ṣé ọlọ́jọ́ ló ní kí ìgò má ṣí? Ẹ yéé ti Ọlọ́run síwájú kí ọ̀gá káńsù máa rí ibi sá pamọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀. Àgbà kún inú ọ́fíìsì yẹn fọ́fọ́, orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n ń mu omi tútù.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Àbúrò ìyá Alága, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ti bímọ, obìnrin. Ọmọ náà ti tó ẹni tí wọ́n ń kán oògùn yìí fún. Ìyá rẹ̀ ní òun ò lọ. "Kí n lọ ṣe kí ni? Kí wọ́n kà mí bí ewúrẹ́, kí wọ́n ní n máa lọ?" Ìyá Alága ló dìde. Ó gba ọmọ àbúrò rẹ̀, ó gbé e pọ̀n, ó tún ń kanlẹ̀kùn kiri. Àwọn ìyá ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n ń rí i. Wọn ò bi í léèrè nǹkan kan mọ́. Wọ́n ń gbé ọmọ wọn, wọ́n ń tẹ̀ lé e ni. Èmi náà tẹ̀ lé wọn.

Nọ́ọ̀sì kà wọ́n. Ó tún wọn kà. Ó doríkodò.

"Ìyá Alága, ẹ dákun," ó ní. "Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ó ku ẹnì kan."

"Ẹni yẹn ti wá tẹ́lẹ̀," ìyá Alága dáhùn. Kò gbé ohùn sókè. "Ó wá lọ́jọ́ òjò, ẹ ní kó máa lọ. Ó tún wá, ẹ ní kó máa lọ. Ẹ ka Alága mọ́ wọn, kí wọ́n lè pé."

Onídìrí ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún, àwọn tó kù bá a gbè é. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó mú ìgò jáde, ó ṣí i. Ó kán an sí wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kù sínú ìgò, kò sẹ́ni tó lè wò ó.

Kí lẹ rò pé ó tẹ̀lé e? Káńsù fún nọ́ọ̀sì ní kúẹ́rì. Wọ́n ní ó ṣí ìgò nígbà tí ọmọ ò pé, wọ́n ní ó fi oògùn ọmọ kan ṣòfò. Ọmọ kan! Ẹ gbọ́ mi o. Káńsù tí kò rí òkú ọmọ kan kà, ó rí ẹ̀kán oògùn ọmọ kan kà. Wọ́n ti gbé obìnrin náà kúrò níbẹ̀. Ẹni tuntun tí wọ́n gbé wá ti lẹ àṣẹ náà mọ́ ògiri, lókè bẹ́ǹṣì àwọn ìyá, kí gbogbo ẹni tó bá jókòó lè rí i kà.

Ọ̀gá, mi ò wá sí ọ́fíìsì yín mọ́. Gbangba ni mo ti ń bi yín. Ta ló pa àṣẹ yẹn? Ó ní orúkọ, ó ní àga tó ń jókòó lé, ẹ mú un jáde. Ẹ gba kúẹ́rì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó jẹ́ kí odindi ìgò bà jẹ́ nínú fíríìjì tí kò síná. Ẹ gbé obìnrin náà padà fún wa. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá, kẹ́ ẹ ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn lónìí, kó dọ̀tí, ká máa fọ̀ ọ́, ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún nìyẹn. Ẹ tún páìpù ṣe. Ẹ padà sórí rédíò, ní irú àsìkò yẹn kan náà, kẹ́ ẹ sọ pé irọ́ lẹ pa, pé ọmọ kan kú, kí màmá àgbà lè gbọ́ ọ. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ kúrò lórí àga yẹn kí ẹni tó lè ṣe é jókòó.

Kí ẹ sì yára, mo bẹ̀ yín, mo fi ewú orí mi bẹ̀ yín. Ọmọ kékeré tó wà nílé wa ṣì ní ẹ̀ẹ̀kejì láti gbà, ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí ò sì ní ṣí ìgò fún un. Láyé tí mo ti ń gbé, bí ọmọ bá ń sanra, tó ń ga, ìdùnnú ló jẹ́ fún gbogbo ilé. Lánàá ni ìyá rẹ̀ gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ti wúwo, ó ti ń gbé ọrùn dúró. Mo ń yọ̀, mo gbójú sókè, mo rí i pé ìyá rẹ̀ ń sunkún. "Bàbá," ó ní, "ó mà ń dàgbà o." Ọ̀gá, ẹ dá wa lóhùn kí ọmọ yìí tó dàgbà jù.